Gustave Eiffel, Ẹni tí ó Wádìí Ẹ̀fúùfù

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi láti orílẹ̀-èdè gbogbo, ní Bonanjo, ní ìlú Douala, níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ìjì a máa gba orí odò Wouri wọlé, a sì máa ṣí páànù ilé. Àwọn ọmọ kíláàsì mi bi mí léèrè bí ohun tí a kò lè fojú rí ṣe ń gbé òrùlé lọ. Gustave Eiffel wà lára àwọn tí ó wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín.

Ìlú Dijon ní ilẹ̀ Faransé ni a bí i sí ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, 1832. Ó di ẹnjiníà afárá irin. Òun ni ó ṣe egungun irin tí ó wà nínú ère Òmìnira ti New York. Ní 1889 ni ilé gogoro tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ parí ní Paris, ó ga tó 300 mítà. (Maurice Koechlin àti Émile Nouguier tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ro ó, ó yẹ kí a máa dárúkọ wọn.)

Láìpẹ́, ọ̀ràn owó odò Panama bá a. Ní 1893 ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún un, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tí ó ga jù fagi lé ìdájọ́ náà lọ́dún kan náà. Ó fi òwò sílẹ̀. Ogún ọdún péré ni àṣẹ tí ó ní lórí ilé gogoro náà. Bí kò bá wúlò fún nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n wó o. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju nǹkan sílẹ̀ láti òkè rẹ̀ láti fi wọn agbára afẹ́fẹ́. Ní 1909 ó ná owó ara rẹ̀, ó kọ́ ilé kan sí ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fa ẹ̀fúùfù gba ọ̀nà kan kọjá.

Níbẹ̀ ni ó ti fi hàn pé fífà tí afẹ́fẹ́ ń fa apá ọkọ̀ òfuurufú láti òkè pọ̀ ju títì tí ó ń tì í láti ìsàlẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti páànù wa: òkè ni ìjì ti ń fà á, pàápàá ní etí òrùlé.

Ní 1912 ó kó iṣẹ́ náà lọ sí Auteuil. Ó wọn agbára tí ẹ̀fúùfù fi ń ti bọ́ọ̀lù, iye tí ó rí kò sì tó ìdajì ti àwọn ará Göttingen ní Jámánì. Wọ́n rò pé ó ṣi ìṣirò. Àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún yìí kò bá wọn jà. Ó tún un wọ̀n, ó ń mú ẹ̀fúùfù yára díẹ̀díẹ̀, títí ó fi rí i pé bí eré rẹ̀ bá dé ìwọ̀n kan, agbára náà a já wálẹ̀ lójijì. Èkíní kejì kò ṣìnà: eré ẹ̀fúùfù wọn ni kò dọ́gba. Ní 1914 Ludwig Prandtl ti Göttingen fi wáyà tín-ínrín yí bọ́ọ̀lù ká, agbára náà sì dín kù.

Lóde òní, kọ̀ǹpútà ni àwọn olùwádìí ń fi ṣe irú iṣẹ́ wáyà náà. Wọn a fún un ní àṣẹ lórí ihò kéékèèké tí ń tu afẹ́fẹ́ lára ohun tí wọ́n ń dán wò. Bí ohun tí ó dán wò bá mú agbára ẹ̀fúùfù dín, a gba máàkì. Bí ó bá mú un pọ̀, a pàdánù máàkì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí yóò fi mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó tu afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kò ṣàì mọ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀.

Eiffel kú ní Paris ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, 1923, ẹni ọdún 91. Ilé ìwádìí rẹ̀ ní Auteuil ṣì wà lórí ìdúró.