Ta ni Adéoyè Lambo, dókítà tó ní kí ẹbí má fi alárùn ọpọlọ sílẹ̀?

Láti Abẹ́òkúta ní Nàìjíríà títí dé Douala ní Cameroon, òbí tí ọmọ rẹ̀ kò tètè sọ̀rọ̀, tí kò lè jókòó sójú kan, tàbí tó ń dá nìkan wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ gbà. Ṣé ilé ìwòsàn ni, àbí ilé babaláwo, àbí kí wọ́n kúkú fi ọmọ pamọ́ sínú yàrá kí aráyé má baà rí i?

Ó ti lé ní 70 ọdún tí ọmọ Ẹ̀gbá kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àbáyọ sí irú ìṣòro yìí. Ohun tó ṣe ní abúlé kan lẹ́bàá Abẹ́òkúta sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1923 ni wọ́n bí Lambo ní Abẹ́òkúta. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Baptist Boys' High School nílùú náà, kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Fásitì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn èyí ló lọ sí London láti kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ.

Ipò tí àwọn alárùn ọpọlọ wà ní Nàìjíríà nígbà náà burú jáì. Ìjọba amúnisìn kọ́ ilé fún wọn ní Yaba àti Calabar, ṣùgbọ́n ilé náà jọ ẹ̀wọ̀n ju ilé ìwòsàn lọ. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ náà, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n ń fi dè wọ́n mọ́lẹ̀.

Àwọn Òyìnbó kan tún gbà pé ọpọlọ ènìyàn dúdú yàtọ̀ sí ti àwọn. Dókítà J. C. Carothers, tó ṣiṣẹ́ ní Kenya, tilẹ̀ fi ìrònú Adúláwọ̀ wé ti Òyìnbó tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́pọlọ. Lambo ta ko ọ̀rọ̀ yìí gidigidi. Èrò tirẹ̀ ni pé bí èèyàn bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn, ó gbọ́dọ̀ mọ ilé tó ti wá, èdè rẹ̀ àti ohun tó gbàgbọ́.

Abúlé tó di ilé ìwòsàn

Ní ọdún 1954, Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ní Aro, Abẹ́òkúta. Kò dúró dìgbà tí wọ́n bá kọ́ gbogbo yàrá ilé ìwòsàn náà tán. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí Aro ká, ó ní kí wọ́n fún àwọn aláìsàn ní yàrá láàárín wọn.

Òfin kan wà: aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀ dání. Ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa mú un lọ sílé ìwòsàn. Bílẹ̀ bá mọ́, aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú. Tó bá di ọ̀sán, á padà sí abúlé, á bá wọn ṣe iṣẹ́, á sì jókòó ti àwọn èèyàn.

Àwọn ará abúlé náà jàǹfààní: wọ́n rí owó ilé gbà, wọ́n sì rí omi tó mọ́.

Lambo tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Àwọn dókítà kan bẹnu àtẹ́ lù ú pé ó ń dá ìmọ̀ ìṣègùn padà sẹ́yìn. Àmọ́ kò fi oògùn òyìnbó sílẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé àwọn oníṣègùn yìí ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí yóò fi yé wọn.

Ní ọdún 1961, àwọn dókítà láti onírúurú orílẹ̀-èdè péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ lórí àìsàn ọpọlọ ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Kí ló kan àwọn ọmọdé?

Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí Aro tọ́jú nígbà náà. Ṣùgbọ́n Lambo tún kọ̀wé lórí bí ọmọ Áfíríkà ṣe ń dàgbà àti okùn tó so ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ. Yorùbá ní ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń wò ó. Irú igba ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Lambo rí gẹ́gẹ́ bí apá kan ìtọ́jú.

Ní Dakar, orílẹ̀-èdè Senegal, Dókítà Henri Collomb ń ṣe iṣẹ́ tó jọ èyí nílé ìwòsàn Fann. Àwọn tó ṣèwádìí níbẹ̀ kọ̀wé ní ọdún 1965 nípa àwọn ọmọ tí àwọn Wolof ń pè ní nit ku bon: ọmọ tó dákẹ́, tí kì í wo ojú èèyàn, tí wọ́n gbà pé ó lè padà sí ibi tó ti wá. Ẹni tó bá mọ ohun tí Yorùbá ń sọ nípa àbíkú àti emèrè kò ní ṣàì rí i pé wọ́n jọra.

Lónìí, àwọn dókítà mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ní autism. Èyí tí kò lè fọkàn sí ohun kan lè ní ADHD. Nígbà mìíràn, etí ọmọ ni kò gbọ́ràn. Ìrọbí tó nira, ibà pọ́njú tó le lára ọmọ tuntun, tàbí ibà tó wọ ọpọlọ náà lè ṣàkóbá fún ọmọ. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Láti Ìbàdàn dé Geneva

Lambo di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Fásitì Ìbàdàn ní ọdún 1963, ó sì di gíwá rẹ̀ ní 1968. Ní ọdún 1971, ó lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní Geneva. Láti 1973 sí 1988, òun ni igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ náà.

Ìwádìí kan tí WHO ṣe ní orílẹ̀-èdè 9, tí Ìbàdàn wà lára wọn, fi hàn pé ara àwọn tó ní àrùn schizophrenia ní Nàìjíríà àti India yá ju ti àwọn tó wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè olówó lọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìdúróti ẹbí wà lára ohun tó fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀.

Ohun tó kù fún àwọn òbí

Dókítà àìsàn ọpọlọ kò tó nǹkan ní Nàìjíríà àti Cameroon, àwọn tó kọ́ nípa ti ọmọdé tún kéré sí i. Ní Douala, ilé ìwòsàn Laquintinie ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ní Ìbàdàn, fásitì dá ibùdó kan sílẹ̀ ní ọdún 2011 láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nípa ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé.

WHO náà ní ètò tó ń kọ́ òbí àwọn ọmọ ọdún 2 sí 9 tí ìdàgbàsókè wọn falẹ̀, bí wọn yóò ṣe máa bá ọmọ ṣeré, bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì máa kọ́ ọ níṣẹ́ ilé díẹ̀díẹ̀. Kò dìgbà tí èèyàn bá jẹ́ dókítà kó tó lè darí ètò náà.

Ọ̀nà tí Lambo là sílẹ̀ náà nìyẹn: kí ẹbí gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí, kí wọ́n má sì padà lẹ́yìn rẹ̀. Fífi ọmọ pamọ́ tàbí dídè é mọ́lẹ̀ kì í wò ó sàn.

Ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2004 ni Lambo jáde láyé, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ẹni 81 ọdún. Ilé ìwòsàn Aro ṣì ń gba aláìsàn títí dòní.