Gaspard Monge, ẹni tí ó tẹ́ odi ogun sórí ìwé

Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1746 ni a bí Gaspard Monge ní ìlú Beaune, ní ilẹ̀ Faransé. Oníṣòwò kékeré tí ń kiri ọjà ni bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ọlọ́lá, ṣùgbọ́n ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Orí Gaspard jí pépé. Kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìlú Lyon.

Ní ọdún 1764, ó ya àwòrán ìlú Beaune. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe irinṣẹ́ tí ó fi wọn ilẹ̀. Ọ̀gágun kan rí àwòrán náà, ẹnu yà á, ó sì mú kí wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin náà sí ilé-ìwé ológun ní Mézières, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń mọ odi ogun.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Ọmọ ọlọ́lá ni wọ́n ń sọ di ọ̀gágun níbẹ̀. Wọ́n fi ọmọ oníṣòwò sọ́dọ̀ àwọn tí ń ya àwòrán, tí wọ́n sì ń fi ẹfun pípò mọ odi kéékèèké fún àpẹẹrẹ. Ohun tí ó dùn ún jù ni pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yìn. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ohun tí ó wà nínú orí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n ní kí ó ṣe ìṣirò odi kan. Odi náà gbọ́dọ̀ ga débi pé ọ̀tá tí ó wà lórí òkè ìtòsí kò ní lè rí inú rẹ̀, kò sì ní lè yìnbọn pa ẹni tí ó wà níbẹ̀. Bí odi bá kúrú, ẹ̀mí yóò lọ. Bí ó bá ga jù, owó àti agbára yóò ṣòfò. Nọ́ńbà lórí nọ́ńbà ni àwọn ẹlòmíràn fi ń ṣe é, ó sì máa ń pẹ́. Monge pa nọ́ńbà tì, ó mú rúlà àti kọ́ńpáàsì, ó fi àwòrán yanjú rẹ̀. Ó yára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá fi kọ́kọ́ kọ̀ láti wo iṣẹ́ náà, nítorí ó gbà pé irọ́ ni. Monge kò yẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí àṣìṣe kankan.

Ọgbọ́n wo ni ó dá? Ẹ fi ojú inú wo agolo mílíìkì kan, bọ́ọ̀lù kan, àti gàrí tí ọlọ́jà kó jọ ṣóńṣó sórí àtẹ. Bí a bá wò wọ́n láti òkè, róbótó ni gbogbo wọn. Àwòrán kan ṣoṣo kò lè sọ èwo ni èwo. Ṣùgbọ́n bí a bá lóṣòó, tí a wò wọ́n láti iwájú, agolo yóò ní igun mẹ́rin, gàrí yóò ní igun mẹ́ta, bọ́ọ̀lù nìkan ni yóò ṣì rí róbótó. Monge so ìwò méjèèjì pọ̀. Ó ka ilẹ̀ sí ìwé kan, ó ka ògiri sí ìwé kejì. Láti igun kọ̀ọ̀kan ohun tí a fẹ́ yà, kí ìlà kan sọ̀ tààrà sí ilẹ̀, kí òmíràn lọ tààrà bá ògiri. Ibi tí ìlà bá kàn ni a ó sàmì sí. Lẹ́yìn èyí, kí a dá ògiri náà dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tí ń ṣí ìwé, kí àwòrán méjèèjì lè wà lórí ìwé pẹrẹsẹ kan. Láti ibẹ̀, rúlà yóò sọ bí ohun náà ti gùn tó, bí ó ti ga tó, àti ibi tí páìpù méjì yóò ti wọnú ara wọn, láìtíì gé irin tàbí òkúta kankan.

Kí a má purọ́: ó ti pẹ́ tí àwọn agbẹ́kùúta àti gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń lo díẹ̀díẹ̀ nínú ọgbọ́n yìí lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Monge ni ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ kan tí ó ní òfin.

Àwọn ológun fi ẹ̀kọ́ náà pamọ́. Monge di olùkọ́ ní Mézières, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó lè fi í jẹun kò rí i kọ́.

Ìyípadà ńlá ọdún 1789 ni ó ṣí ilẹ̀kùn náà. Monge di mínísítà ọkọ̀ ojú omi ní 1792. Ní 1794, ó wà lára àwọn tí ó dá ilé-ìwé tí a ń pè ní École polytechnique lónìí sílẹ̀. Ìdánwò ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀, kì í ṣe orúkọ bàbá ẹni. Ní 1795, ó kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní gbangba ní Paris. Ní 1799, ó di ìwé títẹ̀.

Ó di ọ̀rẹ́ Napoléon, ó sì bá a lọ sí Íjíbítì ní 1798. Ọ̀rẹ́ náà ni ó kó bá a. Nígbà tí Napoléon ṣubú tí ọba padà, wọ́n yọ orúkọ Monge kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní 1816. Ó kú ní Paris ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 1818. Ìjọba kò gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École polytechnique lọ sí ìsìnkú rẹ̀. Wọn kò lọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí wọ́n rí àyè, wọ́n lọ sí ibojì olùkọ́ wọn.