Iléeṣẹ́ ológun kọ̀ ọ́, ó fowó ara rẹ̀ lọ tọ́jú sójà: Ìtàn ìgbésí ayé Mary Seacole

Mary Seacole kì í ṣe ọmọdé mọ́ nígbà tó lọ kanlẹ̀kùn iléeṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nílùú Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1854. Ó ti ń sún mọ́ ẹni 50 ọdún, opó ni, ọ̀nà jíjìn réré ló sì ti wá. Ohun tó ń tọrọ kò ju pé kí wọ́n kọ orúkọ òun mọ́ ti àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń kó lọ sí Crimea, níbi tí ọta ìbọn, otútù àti àrùn onígbáméjì ti ń pa àwọn sójà bí ẹni pa eṣinṣin. Wọn ò gbà á.

Ìlú Kingston ní Jàmáíkà ni wọ́n ti bí obìnrin yìí lọ́dún 1805, Mary Jane Grant sì ni orúkọ rẹ̀ nílé. Ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì tó ń ṣiṣẹ́ ológun ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀ tó ní òmìnira ara rẹ̀, lásìkò tí oko ẹrú ṣì gbilẹ̀ ní erékùṣù náà. Ìyá yìí ní ilé ìgbàlejò kan tí wọ́n ń pè ní Blundell Hall, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá sójà tí ara wọn kò bá yá ti máa ń gba ìtọ́jú. Bí àwọn ìyá elégbògi tiwa náà ṣe ń ṣe, ewé, egbò àti èèpo igi ló fi ń wo àìsàn. Mary kékeré ń wò ó. Bèbí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń tọ́jú bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn, nígbà tó yá ló bọ́ sórí ajá àti ológbò tó wà nítòsí. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá a lágbà.

Lọ́dún 1836 ló fẹ́ Edwin Seacole, ẹni tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le. Iná ńlá tó jó ní Kingston lọ́dún 1843 ba Blundell Hall jẹ́, ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún tó tẹ̀lé e, kò sì pẹ́ sí i tí ìyá rẹ̀ náà fi papò dà. Obìnrin yìí nù ojú rẹ̀ nù, ó tún ilé kọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Onígbáméjì ló kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tó le jù. Àrùn náà jà ní Jàmáíkà lọ́dún 1850. Nígbà tó lọ sọ́dọ̀ arákùnrin rẹ̀ Edward ní ìlú Cruces, ní Pánámà, lọ́dún 1851, ó tún bá a níbẹ̀. Àwọn ará ìlú rò pé májèlé ni wọ́n fún ẹni tó kọ́kọ́ kú, àmọ́ bó ṣe rí òkú náà ló ti mọ ohun tó pa á. Níbẹ̀ ló ti tọ́jú olówó àti tálákà. Nígbà tí ọmọ jòjòló kan kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó la òkú náà ní ìkọ̀kọ̀ kó lè mọ ohun tí àrùn yìí ń ṣe nínú ara. Lọ́dún 1853 tó padà sílé, ibà pọ́njú ló bá lẹ́nu iṣẹ́, àwọn aláṣẹ ológun fúnra wọn ló sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá nọ́ọ̀sì fún bárékè Up-Park Camp. Àwọn tó bẹ̀ ẹ́ ní Kingston, ọ̀gá wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ni kò mọ̀ ọ́n rí.

Láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ló ń lọ ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Ó jókòó títí nílé aya mínísítà Sidney Herbert, ẹni tó ń yan àwọn nọ́ọ̀sì, èsì tó gbà ni pé iye tí wọ́n fẹ́ ti pé. Àwọn tó ń kó owó ìrànwọ́ jọ fún àwọn ọmọ ogun náà kò dá a lóhùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró sí ìgboro, ó bú sẹ́kún, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá àwọ̀ ara òun ló fà á. Ìwé tó kọ nípa ayé ara rẹ̀ lọ́dún 1857 ló ti sọ èyí. Ẹni tó bá ní ọjọ́ orí ló dí i lọ́wọ́ kò gbà á rò dáadáa, nítorí ohun tó mọ̀ nípa onígbáméjì àti ibà, kò sí ọmọge tó lè kọ́ ọ ní ọdún kan.

Ó fi owó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi. Òun àti Thomas Day, ẹbí ọkọ rẹ̀, da òwò pọ̀. Lọ́nà, ó yà ní Scutari lọ́dọ̀ Florence Nightingale, tó fi ọdún 15 jù lọ́jọ́ orí, wọ́n fún un níbùsùn alẹ́ kan, ó sì tẹ̀ síwájú. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta ọdún 1855, ó ti ń ṣí British Hotel sí Spring Hill, nítòsí èbúté Balaclava. Pákó tí omi gbé wá, àpótí ẹrù àti páànù ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì ná an ní 800 pọ́n-ùn.

Òótọ́ ni pé ṣọ́ọ̀bù ni. Oúnjẹ, ọtí, bàtà àti aṣọ ló ń tà fún àwọn ọ̀gá sójà. Àmọ́ láàárọ̀, ó ti ń po oògùn, ó ti ń di ọgbẹ́. A tún máa gbé tíì gbígbóná lọ sí èbúté fún àwọn tó fara gbọgbẹ́ tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Lọ́jọ́ ìjà, ó ń di ẹrù lé ìbaaka, ó ń wọ inú pápá lọ. Nígbà kan tí ọta ìbọn ńlá ń bọ̀, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àtàǹpàkò rẹ̀ fi yẹ̀. Ní Tchernaya, ní oṣù kẹjọ ọdún 1855, ó ki ìka bọ ẹnu sójà Rọ́ṣíà kan láti wá ọta tó há sí i ní páárì, ọkùnrin náà sì gé e jẹ bó ṣe ń kú lọ. Ọ̀tá ni, síbẹ̀ ó tọ́jú rẹ̀. Ìyá ni àwọn sójà ń pè é. Nígbà tí Sevastopol ṣubú ní oṣù kẹsàn-án, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ìlú náà.

Àlàáfíà ló wá sọ ọ́ di onígbèsè. Wọ́n parí ogun ní oṣù kẹta ọdún 1856, àwọn sójà ń lọ sílé, ọjà tó fi owó rà wà nílẹ̀ gbagidi. Ó tà á ní ọ̀pọ̀, ó sì fi òòlù fọ́ ìgò wáìnì tí wọn ò ra. Kó tó di ìparí ọdún náà, ó ti dúró níwájú ilé ẹjọ́ àwọn tó wọ gbèsè ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1857 wọ́n ṣe àríyá orin ọlọ́jọ́ mẹ́rin fún un ní Royal Surrey Gardens. Èrò wá bí omi, àmọ́ iléeṣẹ́ tó ni ibẹ̀ náà wọ gbèsè, owó tó dé ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún yẹn ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n tún kó owó jọ fún un lọ́dún 1867, ọmọ ọba gan-an fọwọ́ sí i.

Nightingale kò yìn ín tán. Nínú lẹ́tà kan tó kọ ní bòókẹ́lẹ́ lọ́dún 1870, ó gbà pé obìnrin náà ṣoore fún àwọn sójà, ó sì tún fẹ̀sùn ọtí kan ilé rẹ̀. Àríyànjiyàn yẹn ṣì ń lọ láàárín àwọn òpìtàn.

Ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1881 ló kú ní Paddington, ó fi ohun tó ju 2,500 pọ́n-ùn sílẹ̀, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú Kátólíìkì St Mary's ní Kensal Green. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ pẹ́, ọdún 1973 ni wọ́n tó tún sàréè rẹ̀ ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, wọ́n ṣí ère rẹ̀ níwájú ọsibítù St Thomas', ọsibítù tí Nightingale ti dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, láìka bí àwọn kan ṣe takú sí. Òdì kejì odò sí ilé aṣòfin ló wà, bí ẹni tó ń rìn lọ, àwòrán ilẹ̀ Crimea ni wọ́n sì fi irin ṣe sí ẹ̀yìn rẹ̀.