Tookoolito, Ògbufọ̀ Ilẹ̀ Yìnyín

Láàrin ẹ̀yà Inuit, ní Erékùṣù Baffin ní àríwá Kánádà, ni a bí Tookoolito sí ní 1838. Oníṣòwò àbùùbùtán kan mú un lọ sí Ìlú Ọba ní 1853, ó sì fojú kan Ọbabìnrin Victoria. Gbígbọ́ tí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ ọ́ di ògbufọ̀ fún Charles Francis Hall, arìnrìn-àjò ará Amẹ́ríkà.

Hall kú ní 1871. Ní October 1872, ènìyàn 19 ṣẹ́ kù sórí yìnyín tí ń léfòó lójú òkun, Tookoolito wà lára wọn. Fún oṣù mẹ́fà, ẹran òkun tí Ebierbing, ọkọ rẹ̀, àti Hans Hendrik ń pa ni wọ́n jẹ. Ọkọ̀ ọdẹ kan gbà wọ́n là ní April 1873. Kò sí ẹni tí ó kú.

Ṣùgbọ́n ọmọ Tookoolito ti kú sí New York ní 1863; èyí tí ó gbà tọ́ kú ní 1875. Òun náà tẹ̀ lé e ní December 31, 1876, ní Groton. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko; ilẹ̀ àjèjì ni Tookoolito sùn sí.