Herbert Macaulay: Ẹni Tó Borí Ìbò Èkó Láì Díje

Bí a bá dárúkọ Herbert Macaulay, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni irunmú gígùn àti àwòrán ara owó ẹyọ náírà kan. Ní tèmi, ibi tó wù mí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ agbègbè ìdìbò Èkó. Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ló ń jáwé olúbori níbẹ̀ láti 1923 títí di 1938, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò jókòó rí lórí ọ̀kankan nínú àga tí ẹgbẹ́ náà gbà. Òfin ni kò jẹ́.

Ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, ọdún 1864 ni wọ́n bí i ní Èkó. Thomas Babington Macaulay, bàbá rẹ̀, ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní CMS Grammar School. Abigail, ìyá rẹ̀, jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí a kì í kọ́ ìtàn gírámà Yorùbá kí a má dárúkọ rẹ̀. Ní 1890, ìjọba rán Macaulay lọ sí Plymouth láti kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n. Ó dé ní 1893, ó di awọnlẹ̀ ìjọba, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1898.

Láti ìgbà náà ni òun àti ìjọba ti ń fà á. Ó ta ko owó omi tí wọ́n fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ ará ìlú. Ní 1920, ó bá Olóyè Amodu Tijani, Olúwa Èkó, lọ sí London gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀, nítorí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Ní 1921, ilé ẹjọ́ Privy Council dá Olúwa láre. Ẹjọ́ ilẹ̀ yìí ló sọ Macaulay di ẹni ará Ìsàlẹ̀ Èkó pátápátá.

Lẹ́yìn náà ni òfin Gómìnà Hugh Clifford dé ní 1922. Nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ẹlẹ́ni 46, àga mẹ́rin péré ni a ó dìbò fún: mẹ́ta ní Èkó, ọ̀kan ní Calabar. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ará Nàìjíríà máa dìbò yan aṣòfin.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà gan-an, dìbò. Nídìí Ifá, ìbò ni àwọn nǹkan kékeré tí ẹni tó wá dá Ifá ń dì mọ́wọ́, kí a lè mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tó fẹ́ bèèrè ló lè dì í, ọkùnrin tàbí obìnrin, olówó tàbí tálákà. Ìbò ti Clifford kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin nìkan ló lè dì í. Ó gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21, kó ti gbé ìlú fún oṣù 12, kí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún sì tó £100.

Nítorí náà, lójú máàpù, ìlú Èkó ni agbègbè ìdìbò náà. Ṣùgbọ́n £100 ni ààlà rẹ̀ gan-an. Ìyá tó ń ta ẹja lọ́jà ń gbé Èkó, kò sì sí nínú agbègbè ìdìbò Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni apẹja tó ń kó ẹja wá fún un. Macaulay náà kò lè díje, torí ilé ẹjọ́ ti rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì ní 1913 lórí owó tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹfà, 1923, ó dá Nigerian National Democratic Party sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, àga Èkó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́: Egerton-Shyngle, Eric Moore àti Dókítà Adeniyi-Jones. Wọ́n tún borí ní 1928 àti 1933. Ní 1928 yẹn kan náà, Macaulay ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ Ọba Eshugbayi Eleko, tí ìjọba lé lọ sí Ọ̀yọ́.

Àwọn tó gbé e dúró ni àwọn tí kò lè dìbò: àwọn ìyá ọlọ́jà tí Alimotu Pelewura jẹ́ olórí wọn, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí, àti àwọn ìdílé onílẹ̀. Àwọn tó lè dìbò mọ̀ pé gbogbo ìlú ń wo ọwọ́ wọn.

Ní 1938, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement gba àga náà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sinmi. Ní 1944, ó di ààrẹ NCNC, Nnamdi Azikiwe sì di akọ̀wé. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tó tẹ̀lé wọn káàkiri láti ta ko òfin Gómìnà Richards. Kano ni àìsàn ti kọlù ú, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún, 1946. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ rẹ̀ tún gba àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà yẹn, £100 ti di £50, ṣùgbọ́n ó di 1950, nígbà ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú Èkó, kí gbogbo àgbàlagbà tó lè dìbò, obìnrin àti ọkùnrin. Ìyá ẹlẹ́ja wá wọ inú agbègbè ìdìbò ìlú tó ń gbé, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Macaulay ti wọ káà ilẹ̀.