Hans Kosterlitz, Àgbà Tí Ó Rí Oògùn Ìrora Nínú Ọpọlọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ oògùn ìrora rí. Láti ayébáyé ni àwọn ènìyàn ti ń fi oje òdòdó poppy pa ìrora. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí mọfíìnì. Wọn kò mọ̀ pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà nínú ọpọlọ wa.

Ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, ni a bí Hans Walter Kosterlitz sí ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1903. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀, òun náà sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní 1933, ọ̀nà iṣẹ́ dí mọ́ ọn nítorí pé ìran Júù ni. Ní 1934, ó forí lé Aberdeen ní ilẹ̀ Scotland, lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Macleod. Ní 1935, Macleod kú. Àwa tí à ń gbé Rumuomasi láàárín àwọn ọmọ Ikwerre mọ ohun tí ń jẹ́ àjò, ṣùgbọ́n àwa lè wọkọ̀ lọ sílé nígbà ìsinmi. Kosterlitz kò ní ilé tí yóò padà sí. Ó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ oògùn ní Yunifásítì Aberdeen ní 1968.

Ní 1973, ó fẹ̀yìn tì ní ẹni 70 ọdún. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Sweden fi hàn pé ibì kan wà nínú ọpọlọ tí mọfíìnì ń bọ́ sí bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bọ́ sínú àgádágodo. Ta ni í rọ àgádágodo láìrọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀? Poppy kò kúkú hù nínú orí ènìyàn. Kosterlitz àti ọ̀dọ́kùnrin kan, John Hughes, bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ náà.

Láàárọ̀ kùtù ni Hughes ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí odò ẹran láti gba ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀. Wisikí ló fi ń bẹ àwọn alápatà. Wọ́n á gún ọpọlọ náà, wọ́n á yọ omi rẹ̀, wọ́n á sì dà á sí ara ègé ìfun ẹranko tí iná mànàmáná ń mú sún kì. Mọfíìnì a máa dín sísúnkì yìí kù. Omi ọpọlọ náà dín in kù. Nígbà tí wọ́n fi naloxone, oògùn tí ń ba iṣẹ́ mọfíìnì jẹ́, sí i, ìfun náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Kọ́kọ́rọ́ dé! Ní oṣù kejìlá ọdún 1975, wọ́n kéde rẹ̀: oríṣi méjì ni, amino acid márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Enkephalin ni wọ́n sọ ọ́.

Irú èyí ni à ń pè ní neuropeptide. Bí a bá fara pa, iṣan a gbé ìròyìn lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ó tó gòkè dé ọpọlọ. Enkephalin dà bí oníbodè lójú ọ̀nà, tí ń dín agbára ìròyìn náà kù. Ó wà lára ìdí tí agbábọ́ọ̀lù fi lè fara pa, kí ó máà mọ ìrora títí eré yóò fi parí.

Àgádágodo yìí kan náà ni codeine àti tramadol ń wọ̀. Ẹni tó bá sọ wọ́n di oúnjẹ, ara rẹ̀ a mọ́ wọn, a sì di ẹrú wọn. Bí ó bá pọ̀ jù, èémí lè dúró. Nítorí èyí ni ìjọba Nàìjíríà fi fòfin de omi ikọ́ oní-codeine ní 2018. Oògùn tí yóò pa ìrora tí kò ní mú ni lẹ́rú ni Kosterlitz ń wá. Enkephalin kò di oògùn bẹ́ẹ̀, nítorí kíá ni ara ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́.

Kosterlitz jáde láyé ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1996, ní ẹni ọdún 93. Michael, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí ní Aberdeen, gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 2016. Ọmọ ẹkùn, ẹkùn ni.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àjò kò dí ọ̀nà iṣẹ́ mọ́ ọkùnrin yìí, ọjọ́ orí kò sì dí i. Kí tiwa má ṣe jẹ́ pé a fi ọwọ́ ara wa ba àgádágodo orí wa jẹ́.