Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo: Ẹni tí Kò Jẹ́ kí Aláìsàn Dá Wà

Ìtàn ẹni tí a mú wá fún yín ní ọjọ́ ìsinmi yìí ni ti olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń tajà ní Creek Road ni ó mọ orúkọ Aro bí ọ̀rọ̀ èébú nìkan, tí a fi ń bú ara wa nígbà ìjà. Ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ rere tí ọkùnrin yìí ṣe níbẹ̀.

Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1923. Ó kàwé ní Baptist Boys' High School ní ìlú náà, lẹ́yìn èyí ni ó ré òkun kọjá lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham, ó sì kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó padà sí ilé, a fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn tí Ìjọba ń kọ́ ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta.

Ní ayé ìgbà náà, ilé tí a ń há aláìsàn ọpọlọ mọ́ ni a mọ̀, irú èyí tí a dá sílẹ̀ ní Yaba ní ọdún 1907. Lambo kò gba ọ̀nà yìí. Ní ọdún 1954, kí ilé ìwòsàn náà tó parí, ó bá àwọn ará abúlé ìtòsí sọ ọ́ kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sí ilé wọn, kí wọ́n sì máa gba owó ilé. Ṣùgbọ́n aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá, láti máa se oúnjẹ fún un àti láti máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú láti bá a ṣiṣẹ́, nítorí wọ́n mọ ìṣe àwọn ènìyàn wọn.

Iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn kàn wá gidigidi. Ní ọdún 1953, dókítà òyìnbó kan, J. C. Carothers, kọ ọ́ sínú ìwé pé àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín ènìyàn dúdú. Ní ọdún 1961, Lambo àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé rẹ̀. Wọ́n rí i pé àwa Yorùbá kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún àìsàn náà, ṣùgbọ́n àmì rẹ̀ pọ̀ láàárín wa: àìrí oorun sùn, àìlè jẹun, ẹkún, àárẹ̀, kí ohun gbogbo sì sú ènìyàn.

Lambo di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn láti ọdún 1968 sí 1971, lẹ́yìn náà ó di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé láti ọdún 1973 sí 1988. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2004.

Ẹ̀yin ará, ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa jìnnà sí Port Harcourt. Ta ni yóò bá wa lọ bí ọkàn wa bá rẹ̀wẹ̀sì? Bí ẹnìkan nínú wa bá ti ìsọ̀ rẹ̀ pa ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí oorun dá lójú rẹ̀, tí kò fẹ́ rí ènìyàn, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má sì ṣe sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ẹ bá a délé, kí ẹ sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Rumuigbo. Ìtọ́jú wà: ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, àti oògùn, èyí tí ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó rí ipá rẹ̀. Kí ó má ṣe dá oògùn dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Àdúrà kò dí oògùn lọ́wọ́.

Wòlíì Èlíjà pàápàá jókòó lábẹ́ igi ní aginjù, ó tọrọ ikú. Kí Olúwa tó bá a sọ̀rọ̀ rárá, áńgẹ́lì ni ó kọ́kọ́ rán sí i pẹ̀lú oúnjẹ àti omi, ó sì jẹ́ kí ó sùn. Kí Olúwa fi wá ṣe ẹbí fún ara wa. Àmín.